Ìlẹ̀kùn Ilé Onítáyà

Mamelodi, Pretoria
8 Oṣù Keje, 2018

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù o. Ṣé orúnkún yín ti gbà yín láyè? Ṣé màlúù tó ń wò yín níwòkuwò yẹn ṣì wà, àbí ẹ ti tà á? Àwa wà dáadáa. Rudo ti yọ eyín kan nísàlẹ̀, ó sì ti fi gé mi lọ́mú jẹ. Ara rẹ̀ gbóná lọ́jọ́ tí eyín náà ń jáde, mo gbé e sá lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó ní eyín ni. Mo tún gbé e lọ lọ́jọ́ kejì. Nọ́ọ̀sì kan náà ló wà níbẹ̀. Ó ní, "Ìyá Rudo, eyín náà ṣì ni."

Màmá, ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Ọmọ yìí ń lọ sí oṣù keje, kò sì sí ẹnì kankan láti ìdílé mi tó tíì gbé e rí. Àwa ò lè wálé, ìwé àṣẹ wa ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba. Tí mo bá kọjá ẹnubodè, wọn ò ní jẹ́ kí n padà wọlé. Ẹ̀yin ní pásípọ́ọ̀tù, láti ìgbà tí ẹ ti ń wá ta aṣọ tábìlì tí ẹ ń fọwọ́ hun níhìn-ín. Ohun tó ń dá yín dúró, mo mọ̀ ọ́n, ẹ ti sọ ọ́ títí: yàrá kan ṣoṣo la ní, ìyá ìyàwó kì í sì í bá àna rẹ̀ sùn sábẹ́ òrùlé kan, áńbọ̀sì inú yàrá kan. Mi ò bá yín jà. Garikai ọkọ mi gan-an ò lè gbà. Nígbà tí mo ní ká fi aṣọ pín yàrá sí méjì, ńṣe ló wò mí bí ẹni pé mo ní kó rìn níhòhò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ṣùgbọ́n ó ti rí ọgbọ́n dá. Bàbá òyìnbó kan wà tó rọ géètì irin fún, Oom Gert ni wọ́n ń pè é. Bàbá náà ní ọkọ̀ kan tó ń fi háyà, inú ọkọ̀ náà, ilé ni. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, sítóòfù wà, omi ẹ̀rọ wà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Èèyàn á wà á lọ síbi tó bá wù ú, á páàkì, á sì sùn sínú rẹ̀. Garikai ní ká háyà rẹ̀ ní ìsinmi ìparí oṣù kẹsàn-án, ká gbé e lọ sí Bela-Bela níbi tí omi gbígbóná ti ń jáde láti inú ilẹ̀. Ojú ọ̀nà bọ́ọ̀sì yín ni. Ibẹ̀ lẹ ó ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ ò tilẹ̀ ní fojú kan yàrá wa. A ò háyà irú ẹ̀ rí, ẹ̀rù sì ń bà mí torí gáàsì wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá.

Sibanda tó ń kó ẹrù kọjá ẹnubodè ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Fóònù yín, orí àpáta nìkan ló ti ń mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, gbogbo abúlé ló sì ń bá yín gbọ́ ọ. Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ bá mi mú ẹ̀pà lílọ̀ dání. Tibí yìí ń dùn bí ọṣẹ.

Ọmọ yín,
Shuvai


Gutu
22 Oṣù Keje, 2018

Shuvai ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Orúnkún wà níbi tó wà. Màlúù náà ò tíì kú, kò sì tíì yéé wò mí.

Mo ka lẹ́tà rẹ, mo tún un kà, mo gbé e fún Tete Ndanatsei àbúrò bàbá rẹ, òun náà kà á. Ìbéèrè kan náà la jọ ní: ta ló lé yín kúrò nínú yàrá yín? Má fi pa mọ́ fún mi. Ẹnì kan kì í ṣàdédé kúrò nínú ilé tó ní ìpìlẹ̀ kó lọ máa sùn nínú mọ́tò. Tete rẹ ti sọ fún àwọn ìyá ìjọ. Lánàá wọ́n wá, wọ́n gbé ìyẹ̀fun àgbàdo wá fún mi, wọ́n sì kúnlẹ̀ gbàdúrà fún ẹ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Mi ò mọ bí mo ṣe máa dá ìyẹ̀fun náà padà, torí a ti ń jẹ ẹ́.

Tó bá sì jẹ́ òótọ́ pé fàájì lẹ fẹ́ ṣe, dá mi lóhùn. Níbo ni àna mi yóò sùn? O ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú ọkọ̀ náà. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó nípọn? Ohun tó bá bọ́ sínú rẹ̀, níbo ló ń lọ? Mọ́tò ò ní ṣáláńgá lábẹ́. Ó di dandan kí ẹnì kan máa gbé e dànù. Ta ni? Tó bá jẹ́ àna mi ni, ká parí ọ̀rọ̀ síbí. Ọkùnrin tí kì í bọ̀ mí lọ́wọ́, tó máa ń lóṣòó pàtẹ́wọ́ kó tó kí mi, tí mi ò pe orúkọ rẹ̀ rí látọjọ́ tó ti fẹ́ ọ, ṣé òun ni yóò wá máa gbé ìgbẹ́ mi kiri? Ojú wo ni mo máa fi wo àwọn èèyàn rẹ̀?

Mo fẹ́ rí ọmọ náà. Má rò pé mi ò fẹ́. Fọ́tò rẹ̀ ni mo máa ń wò tí mo bá ń dáná. Ṣùgbọ́n ìtìjú tí ara àgbàlagbà lè gbà níwọ̀n.

Ìyá rẹ


Mamelodi
5 Oṣù Kẹjọ, 2018

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àníyàn wa. Ẹnikẹ́ni ò lé wa o. Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá ìjọ, ẹ sọ fún wọn pé inú yàrá wa la ṣì wà. Ọjọ́ ìsinmi nìkan la fẹ́ fi lo ọkọ̀ náà, a ó sì dá a padà fún olówó ẹ̀. Báyìí ni àwọn òyìnbó ibí ṣe ń gbádùn: wọ́n á fi ilé ńlá sílẹ̀, wọ́n á lọ há ara wọn sínú ọkọ̀, inú wọn á sì máa dùn.

Ní ti ibi tí Garikai máa sùn, ìta ni, nínú àgọ́. Ó ti sọ fún Oom Gert. Oom Gert ní, ṣé wàá sanwó bẹ́ẹ̀dì kí o wá sùn nílẹ̀ ni? Garikai ṣàlàyé pé ìyá ìyàwó òun ń bọ̀. Oom Gert ní tó bá jẹ́ ìyá ìyàwó tòun ni, òun á gbé àgọ́ náà jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wá kù. Òótọ́ lẹ sọ, àpótí kan wà lábẹ́ ẹ̀ tí wọ́n ń fà yọ láti ìta. Èmi ni màá fà á yọ, èmi ni màá dà á nù, mo ti búra. Garikai ò tilẹ̀ ní mọ ibi tí wọ́n ń gbà ṣí i. Ẹ wò ó, lọ́jọ́ tí a lọ kí Oom Gert fi ọkọ̀ náà hàn wá, ó ṣàlàyé gáàsì, Garikai gbọ́. Ó ṣàlàyé omi àti iná, ó gbọ́. Nígbà tó kan ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọkọ mi bọ́ sílẹ̀, ó lọ ń wo táyà. Oom Gert rò pé kò gbọ́ ni, ó tẹ̀ lé e. Garikai tún kọjá sí òdìkejì. Báyìí ni àwọn méjèèjì ń yí ọkọ̀ náà po, òyìnbó ń ṣàlàyé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àna yín ń sá fún un, torí ó ní òun ò lè dúró gbọ́ bí ibi tí Ambuya, bó ṣe máa ń pè yín, máa jókòó sí ṣe ń ṣiṣẹ́. Èmi ni ó yẹ kí n gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìlédìí Rudo ni mò ń pààrọ̀, mi ò gbọ́ ju ìdajì lọ. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ìlẹ̀kùn ibẹ̀ ní ìwà tirẹ̀. Mi ò mọ irú ìwà wo ni.

Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ pé ẹ ń bọ̀.

Shuvai


Mamelodi
2 Oṣù Kẹsàn-án, 2018

Màmá mi,

Mi ò tíì rí èsì. Sibanda ti lọ, ó ti dé, ó tún ti lọ. Ó ní ẹ̀pà nìkan ni wọ́n fi rán òun lọ́tẹ̀ yìí, ti ẹlòmíì sì ni. Oom Gert ti ń béèrè bóyá a ṣì fẹ́ ọkọ̀ náà. Ṣé ẹ̀ ń bínú ni, àbí ara yín ni ò yá? Tó bá jẹ́ pé ẹ ò ní wá, ẹ sọ ọ́ kí n lè sunkún lẹ́ẹ̀kan kí n sinmi.

Rudo ti yọ èkejì. Mo fi fọ́tò rẹ̀ sínú lẹ́tà yìí.

Shuvai


Gutu
9 Oṣù Kẹsàn-án, 2018

Shuvai,

Mo rí fọ́tò. Eyín méjì. Èkejì ti jáde láìsí mi níbẹ̀.

Mò ń bọ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni màá jókòó sí, kí àna mi jókòó sí iwájú. Dígí tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn, kí ẹ fi aṣọ bò ó, torí mo ti wọkọ̀ rí, mo mọ̀ pé dígí yẹn ń wo èèyàn. Mi ò ní wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín. Kí ẹ ṣáà páàkì síbi tí igbó wà. Tete rẹ ní kí n lọ, pé tí ìtìjú bá pọ̀ jù, kí n padà wálé.

Ẹ̀pà wà nínú báàgì. Má sọ fún àwọn ìyá ìjọ pé fàájì ni mo wá ṣe.

Ìyá rẹ


Mamelodi
30 Oṣù Kẹsàn-án, 2018

Màmá mi,

Ṣé ẹ délé láyọ̀? Sibanda ní òun rí yín níbi tí bọ́ọ̀sì ti já yín sílẹ̀, òun kí yín, ẹ fi ìbòrí bo ẹnu, ẹ kọjá lọ. Ọkàn mi ò balẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Ìrìn àjò yẹn ti ń lọ dáadáa, ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Mi ò tíì sọ ìdí tí irun Garikai fi funfun nígbà tí a wá gbé yín lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ wò ó, ẹ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo mọ̀ pé ẹ rò pé ìyà ìlú yìí ló sọ ọ́ di arúgbó. Ìyẹ̀fun ni. Oom Gert ti kìlọ̀ pé ká ti gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù pa kí ọkọ̀ tó gbéra, a sì gbàgbé. Ní kọ́nà àkọ́kọ́, kọ́bọ́ọ̀dù ṣí, àpò ìyẹ̀fun fò wá láti ẹ̀yìn, ó bẹ́ sí i lórí. Gáàsì ni mo rò. Kó tó di pé ó nu ojú rẹ̀ tán, èmi àti Rudo ti wà lórí koríko lẹ́bàá títì, mò ń ké pe Ọlọ́run. Láti ibẹ̀ lọ ló ti ń rọra wà á bí ẹni tó gbé ẹyin. Katakata kan yà wá sílẹ̀. Ẹni tó ń wà á juwọ́ sí wa.

Lẹ́yìn náà ẹ̀yin dé, ẹ gbé Rudo pọ̀n, ó sì sùn bí ẹni pé ẹ̀yìn yín ló ti ń wá látìgbà tí mo ti bí i. Èmi náà sùn. Mi ò dìde láti gbọ́ bóyá ọmọ ń mí. Mi ò tíì sùn bẹ́ẹ̀ látìgbà tí mo ti bí i.

Ọjọ́ Sunday ni nǹkan yí padà. Ẹ̀yin lẹ ní, "Lọ rẹ ara rẹ sínú omi, ọmọ wà lọ́dọ̀ mi." Nígbà tí mo padà dé pẹ̀lú irun tútù, ẹ jókòó sórí òkúta lókèèrè, ẹ kẹ̀yìn sí ọkọ̀. Ọmọ ò sí lọ́dọ̀ yín. Ẹ̀yìn Garikai ló wà, aṣọ yín ló sì fi pọ̀n ọ́n. Ó wà lábẹ́ igi, ó ń nu ìlẹ̀kùn kan. Mo bi í pé ìlẹ̀kùn ibo nìyí. Ó ní ìlẹ̀kùn ni. Mo ní kí ló ṣe é. Ó ní eruku.

Láti ìgbà náà, ẹ ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí bọ́ọ̀sì fi gbé yín lọ. Ẹ ò dágbére fún un. Òun náà lọ dúró sẹ́yìn ọkọ̀. Mo bi í pé kí ló ṣe fún ìyá mi. Ó ní tí Ambuya ò bá sọ ọ́, òun ò ní là á lẹ́nu. Mo sọ̀rọ̀ tí kò dáa sí i, mo ní mo mọ̀ pé kò fẹ́ kí ẹ wá tẹ́lẹ̀.

Mo fa àpótí yẹn yọ kí a tó dá ọkọ̀ padà. Oògùn aláwọ̀ búlúù tí Oom Gert dà sí i nìkan ló wà nínú ẹ̀. Gbogbo ìjà tí a jà lórí ẹ̀, ẹnì kan ò lò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe fún yín?

Shuvai


Mamelodi
21 Oṣù Kẹwàá, 2018

Màmá,

Ẹ ò tún kọ̀wé. Èmi àti Garikai, ọ̀rọ̀ gáàsì àti ìlédìí nìkan la jọ ń sọ. Tó bá dé láti ibi iṣẹ́, á gbé Rudo, á máa sọ ọ̀rọ̀ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tí mo bá wọlé, á dákẹ́.

Mo ti ríṣẹ́ sí ilé ìdáná ilé ìwé kan, ó máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní. Mo ti ń rò ó pé ẹ̀yin lẹ máa wá bá mi wo Rudo. Tí ẹ ò bá ní tẹ ilẹ̀ yìí mọ́ nítorí ohun tí ọkọ mi ṣe, ẹ sọ fún mi, kí n lọ sọ fún wọn pé mi ò gba iṣẹ́ náà mọ́. Mi ò lè gbé e fún àjèjì. Ẹ mọ̀ mí.

Ọmọ yín


Gutu
4 Oṣù Kọkànlá, 2018

Shuvai ọmọ mi,

Má bínú. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí láìmọye ìgbà, mo sì ń fi dáná. Lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkọ rẹ kí o tó ka èyí tó kù. Lọ, màá dúró dè ọ́.

Ṣé o ti ṣe é? Ó dáa.

Nígbà tí o lọ síbi omi gbígbóná, mo tẹ́ Rudo sáàárín bẹ́ẹ̀dì, mo fi ìrọ̀rí dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣeré. Mo fẹ́ ṣe gáà, igbó sì jìnnà, mi ò lè fi ọmọ sílẹ̀ lọ síbẹ̀. Mo ní kí n wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín lẹ́ẹ̀kan péré, ta ló máa mọ̀? Mo wọlé, mo fa ìlẹ̀kùn. Mi ò tíì ṣe ohunkóhun tó fi há. Mo fà á, mo tì í, mo bẹ̀ ẹ́. Ìwà tirẹ̀ tí o sọ nìyẹn.

Mo ní màá rọra jókòó títí o fi máa dé. Ìjókòó ṣáà wà níbẹ̀. Àna mi wà lábẹ́ igi lọ́hùn-ún, ó ti gbé àga rẹ̀ jìnnà kí etí rẹ̀ má bàa gbọ́ nǹkan. Ìgbà náà ni mo gbọ́ tí ìrọ̀rí bọ́ sílẹ̀. Ọmọ náà ti ń yí. Mo pè é, ó rẹ́rìn-ín, mo sì gbọ́ pé etí bẹ́ẹ̀dì ni ẹ̀rín náà ti ń wá.

Shuvai, mo pe orúkọ ọkọ rẹ. Mo fi gbogbo ohùn mi pè é. Garikai. Mo pè é títí gbogbo àwọn tó páàkì síbẹ̀ fi mọ orúkọ rẹ̀. Mo gbọ́ tí àga ṣubú, mo gbọ́ ẹsẹ̀, ọkọ̀ mì tìtì, ẹ̀rín ọmọ náà sì gòkè. Ó ti gbá a mú. Lẹ́yìn náà gbogbo nǹkan dákẹ́ rọ́rọ́. Ó ti rí ibi tí mo wà.

Mo gbọ́ tí orúnkún rẹ̀ ró. Ó lóṣòó. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó wá kí mi nínú àgbàlá mi. Èmi náà pàtẹ́wọ́ padà níbi tí mo jókòó sí. Kí ni kí n tún ṣe?

Kò lè bá mi sọ̀rọ̀ irú ibẹ̀ yẹn ní tààrà. Ọmọ ló ń bá sọ ọ́. Ó ní, "Rudo, jọ̀ọ́ bá mi sọ fún Ambuya kí wọ́n gbé ìlẹ̀kùn yẹn sókè díẹ̀ kí wọ́n tó fà á."

Mo gbé e. Mo ní, "Rudo, sọ fún bàbá rẹ pé mo ti gbé e, kò gbọ́ tèmi."

Ó ní, "Rudo, bá mi bi Ambuya bóyá aṣọ wà ní ipò rẹ̀."

"Rudo, sọ fún bàbá rẹ pé aṣọ wà ní ipò rẹ̀. Ojú tì mí nìkan ni."

Rudo ní ba-ba-ba.

Ó mú aṣọ mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi pọn ọmọ, ó sì dojú kọ ìlẹ̀kùn náà. Ọkùnrin tó ń rọ ìlẹ̀kùn irin fún gbogbo àdúgbò yín, ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan ló ń làágùn lé lórí. Nígbà tó yá, ó gbé e kúrò lódindi. Kó má bàa rí mi, ó gbé ìlẹ̀kùn náà dí ojú ara rẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀yìn rìn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fi ẹ̀yìn lọ lórí koríko. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mò ń rí lábẹ́, àti apá Rudo tó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òyìnbó tó páàkì sítòsí wa, tó ń mu kọfí, kí ìlẹ̀kùn náà káàárọ̀. Ìlẹ̀kùn náà dá a lóhùn dáadáa.

Mi ò bínú, ọmọ mi. Ẹ̀rín ló fẹ́ pa mí. Tí mo bá fi lè wo ẹ̀gbẹ́ ibi tó wà, màá bú sẹ́rìn-ín, ìyá ìyàwó kì í sì í rẹ́rìn-ín àna rẹ̀ lójú. Ìdí tí mo fi lọ jókòó sórí òkúta nìyẹn, òun ni mi ò fi dágbére. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti rín in. Mo rín in dé ẹnubodè, àwọn aṣọ́bodè ní kí n sọ ohun tí mo gbé. Mo wá délé, mo sọ fún Tete rẹ, ó ní irú èyí ò ṣeé kọ sínú ìwé, kí n dákẹ́. Mo dákẹ́ títí lẹ́tà rẹ fi dé, mo rí i pé ìdákẹ́ mi ti ń ba ilé rẹ jẹ́. Ọkọ rẹ gba èébú tí kì í ṣe tirẹ̀ kí ojú má bàa tì mí. Jẹ́ kó mọ̀ pé mo mọ̀.

Gba iṣẹ́ náà. Mò ń bọ̀ kí ọdún tó parí. Ẹ má háyà nǹkan kan mọ́. Ẹni tó ti pàtẹ́wọ́ fún mi níbẹ̀ yẹn, kò sí ohun tó kù nínú yàrá yín tí yóò tún dẹ́rù ba èmi àti òun. Aṣọ náà la ó fi pín in, bí o ti wí. Mo ti ń hun ún, ó nípọn, mo ti dé ìdajì. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bí yàrá náà ṣe fẹ̀ tó. Kí àna mi wọ̀n ọ́n, kó sọ fún Rudo, kí Rudo sọ fún ẹ, kí o wá kọ ọ́ sí mi.

Ìyá rẹ